Owó Gbà-má-bínú Tí Wọ́n Ní Kò Tọ́ sí Yín

Bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ ní ìka nílé búrẹ́dì kan ní Ìkòtún, gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù aládàáni tó bá sún mọ́ wọn jù. Bí agbára ibẹ̀ kò bá ká a, wọ́n á darí rẹ̀ sí ọsibítù ìjọba ní Ìgándò; bí egungun bá wà nínú ọ̀rọ̀, ó di ọsibítù egungun ní Ìgbóbì, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ọ̀gá á san owó ìtọ́jú àkọ́kọ́. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ọ̀gá tàbí máníjà rẹ̀ á wá kí i nílé, pẹ̀lú ìrẹsì àti owó nínú àpòòwé. Ìyá ọmọ á kúnlẹ̀, bàbá á máa ṣàdúrà fún àlejò. Kí àlejò tó dìde, á mú ìwé kan jáde, á ní kí aláìsàn bá òun fọwọ́ sí i, pé àkọsílẹ̀ lásán ni. Ta ló máa béèrè ohun tó wà nínú ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì wọlé?

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni ọ̀gá yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe é tinútinú, àwọn mìíràn tiẹ̀ yá owó tí wọ́n fi san ọsibítù. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti di oore ọ̀gá, ẹni tí wọ́n ṣe lóore kò sì mọ̀ ju ọpẹ́ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ta á lólobó pé owó gbà-má-bínú kan wà lábẹ́ òfin, tó béèrè fún un, tí wọ́n sì fi lẹ́tà dá a lóhùn pé kò tọ́ sí i, ojú ló máa ń tì í ju kí inú bí i lọ. Á rí ara rẹ̀ bí abaraámóorejẹ. Á ká lẹ́tà náà sábẹ́ ẹní, á máa wá iṣẹ́ tí ọwọ́ kan lè ṣe kiri.

Lẹ́tà abẹ́ ẹní yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Òfin tó ní kí wọ́n san owó náà ló tún la ohun tí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè ṣe sílẹ̀.

Orúkọ òfin ọ̀hún ni Employees' Compensation Act. Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i. Òfin wà ṣáájú rẹ̀ o, èyí tí àwọn Òyìnbó amúnisìn fi lélẹ̀ lọ́dún 1941, tí ìjọba ológun sì tún ṣe lọ́dún 1987. Lábẹ́ èyí àtijọ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, ló ń sanwó. Ẹni tó fara pa á wá máa bá ẹni tó ń fún un lóúnjẹ fa ọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, owó oṣù 42 ni. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, owó oṣù 54. Wọ́n á kó o fún un lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni ọdún 25 tó pàdánù ọwọ́ méjèèjì á gba owó ọdún mẹ́rin àbọ̀, kó wá ronú ara rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tó kù.

Òfin tuntun yí gbogbo ìyẹn padà. Ẹ fojú àjọ wò ó, irú èyí tí alájọ ń gbà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà Ìkòtún pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Nínú àjọ tiwa, ẹni tó dá ló ń kó. Nínú èyí, ọ̀gá nìkan ló ń dá, òṣìṣẹ́ ló ń kó, ọjọ́ tí ewu bá dé sì ni ọjọ́ ìkó. Alájọ ibẹ̀ ni Nigeria Social Insurance Trust Fund, tí gbogbo èèyàn ń pè ní NSITF. Ohun tí ọ̀gá ń dá lóṣooṣù ni náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ilé búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ 10, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gba ₦70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, ₦7,000 ni á máa san lóṣù. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ láti inú owó òṣìṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń kó níbẹ̀ kì í ṣe owó ìrẹsì. Ẹni tí ìfarapa sọ di aláìlèṣiṣẹ́ mọ́ pátápátá, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un lóṣooṣù. Lórí ₦70,000, ₦63,000 nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ bá kú tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 kan náà ni fún wọn. Ìka tó gé, ojú tó fọ́, etí tí ariwo ẹ̀rọ dí, gbogbo wọn ló ní ìṣirò tiwọn. Kò sì dìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Kí ìfarapa náà ti inú iṣẹ́ wá ti tó.

Ẹni tó bá dá àjọ rí mọ̀ pé ọjọ́ ìkó ni aáwọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. NSITF lè kọ̀wé pé rárá. Ibi tí wọ́n sì ti máa ń rí ẹsẹ̀ gbé e lé ni ọjọ́. Òṣìṣẹ́ tó fara pa, tàbí ẹbí rẹ̀, ní láti sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14: orúkọ rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, àti ohun tó fà á, lédè tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Òṣìṣẹ́ ní ọdún kan láti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù tí yóò fi béèrè owó. Ta ló ń ka ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì Ìgbóbì? Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 4 tó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 yìí náà ló fàyè sílẹ̀ pé bí ọ̀gá tàbí aṣojú rẹ̀ bá ti mọ̀ nípa ìfarapa náà, pípẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó sọ kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ rẹ́. Súpáfáísọ̀ tó bá wọn gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ti mọ̀. Máníjà tó gbé ìrẹsì wá ti mọ̀. Ìbẹ̀wò yẹn gan-an, tí ìyá kúnlẹ̀ sí, ẹ̀rí ni. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ àwọn tó wà níjókòó.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ọ̀gá, tó sì máa ń dun òṣìṣẹ́ jù, ni pé "kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa." Ọ̀rọ̀ kásúà rèé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó pọ̀ tó o, ẹ sì bi ara yín léèrè pé mélòó nínú àwọn tó ń jáde ní ìdájí láti Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù àti Ìpájà lọ sí iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀ ló ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ló kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbowó. Bí ewu bá dé, iléeṣẹ́ á ní ti agbaṣẹ́ṣe ni, agbaṣẹ́ṣe á ní òun kàn bá wọn wáṣẹ́ ni.

Abala 73 òfin náà ti dá wọn lóhùn tipẹ́. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìwé ni wọ́n fi gbà á tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ títí lọ, tàbí fún ìgbà díẹ̀, tàbí kásúà, tàbí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lẹ́bàá ọ̀nà Ìgándò, tí iná ta sí lójú, òṣìṣẹ́ ni lójú òfin yìí. Ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé, tí kì í ṣe ẹbí, òṣìṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá láti Sakí tàbí Kútọnu.

Kí wá ni ẹ̀rí pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ níbì kan nígbà tí kò sí ìwé? Ó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Álàátì owó tó ń wọlé látọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Orúkọ nínú ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Aṣọ iṣẹ́. Ohùn súpáfáísọ̀ lórí WhatsApp tó ń sọ pé "ẹ tètè dé lọ́la o." Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè kọ ohun tí wọ́n fojú rí kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, bí wọ́n ò bá bẹ̀rù iṣẹ́ tiwọn. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF rí, ẹ wádìí bóyá ó máa ń du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí wọn kì í gba ìwé ẹni tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí NSITF nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni pé kò forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá nìyẹn lábẹ́ òfin, kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní ti NSITF nìkan, tó ń di ẹjọ́ òṣìṣẹ́ náà àti ọ̀gá.

Òmíràn ni pé "kò sí níbi iṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀." Ẹni tó bá ti dúró ní Ìyànà Ìpájà ní aago márùn-ún ìdájí, tó rí bí èèyàn ṣe ń gbá yá mọ́ ọkọ̀, mọ ibi tí ewu iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ará Alímọ̀ṣọ́. Bí dáńfó bá dojú dé pẹ̀lú yín bí ẹ ti ń lọ síbi iṣẹ́, tàbí tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú bí ẹ ti ń padà bọ̀, abala 7 sọ pé ìfarapa iṣẹ́ ni: láti ilé dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé ibi tí ẹ ti máa ń jẹun, tàbí ibi tí ẹ ti máa ń gba owó yín tí ọ̀gá mọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ èyí, mo sì máa ń rò ó pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kò fẹ́ kó tàn. Ìròyìn ọlọ́pàá àti àkókò tí wọ́n kọ sí káàdì ọsibítù ló ń gbé irú ẹjọ́ yìí dúró.

Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn ṣe pàtàkì o. Nọ́ọ̀sì á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbé aláìsàn wá á sì yára dáhùn pé ó ṣubú nílé, kí ọ̀rọ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Aláìsàn tí ìrora ń bá fínra kò ní jiyàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ lálẹ́ yẹn ni NSITF yóò kà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rọ wo, ní iléeṣẹ́ wo.

Ti ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí níwájú ìrẹsì ńkọ́? Bí iléeṣẹ́ bá gbé e jáde pé òṣìṣẹ́ ti gbà láti má béèrè ohunkóhun mọ́, òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Asán ni ìwé náà. Ẹ má jẹ́ kó pá yín láyà.

Abala 55 ló sọ nípa ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tí ìpinnu NSITF kò bá tẹ́ lọ́rùn, òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí olóògbé, ní ọjọ́ 180 láti kọ̀wé padà sí wọn pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ alájọgbé wá fi Òyìnbó inú lẹ́tà náà yé yín. Ìwé náà kò sì ní láti gùn. Ẹ mú ìdí tí àwọn fúnra wọn kọ sílẹ̀, ẹ dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ní ẹ pẹ́, ẹ sọ ẹni tó mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Bí wọ́n bá ní dókítà kò sọ pé iṣẹ́ ló fà á, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kó kọ ọ́ kedere. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀: ọmọ mi mẹ́ta, ìyàwó mi ń ṣàìsàn, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. Àánú wà lójú ẹni tó ń kà á bóyá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó lè kọ ọ́ sí nínú fáìlì.

Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé sọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà pẹ̀lú ọjọ́ sára ẹ̀dà tiyín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, àwọn aláṣẹ NSITF sọ pé ó ṣeé ṣe kí ikán ti jẹ ìwé ẹ̀rí ìnáwó tó lé ní bílíọ̀nù náírà 17, owó tí wọ́n ná lọ́dún 2013. A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí ikán lè jẹ ìwé bílíọ̀nù rẹ̀, èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ojúlówó ìwé kan ṣoṣo tó ní lé e lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá tún un wò tí wọ́n ṣì ní rárá, ó ku ilé ẹjọ́. Èyí tó ń gbọ́ irú rẹ̀ ni National Industrial Court, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1976, tí àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wá fi sípò ilé ẹjọ́ gíga. Ojúlé rẹ̀ l'Ékòó wà ní òpópónà Lugard, Ìkòyí. Láti Ìgándò, ó jìnnà, owó ọkọ̀ nìkan á mú kí ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ronú lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tó dé yìí, agbẹjọ́rò di dandan. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, tàbí Office of the Public Defender tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ fún aláìní. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà ní iléeṣẹ́ náà, kí wọ́n ti gbọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lókè máa ń rí èsì ju ti ẹnì kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ní kí òṣìṣẹ́ máa ti ìgbésẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Jámánì tó kọ́kọ́ gbé irú ètò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1884 ní ọ̀nà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tirẹ̀. Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Houston, ní Texas, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń gbé aláìsàn sókè gbé e sódò títí ẹ̀yìn wọn fi yẹ̀. Níbẹ̀, ọjọ́ 30 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọdún kan láti béèrè owó. Bí iléeṣẹ́ adójútòfò bá kọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe tọ̀túntòsì jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Bí kò bá yanjú, adájọ́ ètò náà á gbọ́ ọ, lẹ́yìn rẹ̀ ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó tó wá kan ilé ẹjọ́. Ìjọba á yan ẹni tí yóò ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A lè jowú wọn ní ti èyí. Ṣùgbọ́n ní Texas kan náà, agbanisíṣẹ́ aládàáni lè pinnu pé òun ò ní bá wọn dá sí ètò náà rárá, ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbà. Òfin tiwa kò fún ọ̀gá ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí mo sì ń wí yìí kì í ṣe Òyìnbó tàbí Ṣáínà tó ni iléeṣẹ́ ńlá nìkan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ló kún Ẹ̀gbẹ́dá àti Akówónjọ, ìyá tó ni ọ̀kan nínú wọn sì lè ní tíṣà mẹ́jọ, awakọ̀ kan, àti obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ tó sì máa ń gun àga nu fèrèsé òkè. Ẹni tó ń rọ búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà, télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. Bí obìnrin yẹn bá já bọ́ láti orí àga lọ́la, kí ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú ìwé NSITF? Àwọn ẹ̀ka wọn wà l'Ékòó, ìforúkọsílẹ̀ kò la ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kọjá. Owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wo ìdá kan tó kù lọ́wọ́ yín bóyá ó tó ohun tí ẹ fi ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.